Bí Fọ́kílíìfù Bá Ṣe Ọmọ Wa Léṣe, Ta Ni Yóò Sanwó?

 Ọ̀rọ̀ tòní kàn gbogbo wa, yálà Kábà ni a ti wá tàbí Ògbómọ̀ṣọ́. Àwọn ọmọ wa tó ń lọ ṣe iṣẹ́ ojúmọ́ ní ilé ìkẹ́rùsí ni a ń wí.

Fọ́kílíìfù, ọkọ̀ tó ń fi irin méjì gbé ẹrù, kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni lè wà torí pé ó ti wa mọ́tò rí. Táyà ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń yí kọ́nà, ìdí rẹ̀ sì lè gbá ẹni tó dúró nítòsí. Bí ẹrù bá ga jù níwájú, awakọ̀ kò ní rí ọ̀nà; bí ó bá yí kọ́nà pẹ̀lú ẹrù lókè, ọkọ̀ lè ṣubú, a sì tẹ awakọ̀ tó bá fẹ́ fò jáde mọ́lẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 kò gbọdọ̀ wà á, wọ́n sì gbọ́dọ̀ yẹ iṣẹ́ awakọ̀ wò ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan láàárín ọdún 3. Níbí ńkọ́?

Bí ẹsẹ̀ bá wá kán, ọ̀gá á mú owó oògùn díẹ̀ wá, á ní, "Ìwọ kì í ṣe òṣìṣẹ́ wa, iṣẹ́ ojúmọ́ lo wá ṣe." Irọ́ ni o! Òfin Employees' Compensation Act ti ọdún 2010 ka alágbàṣe àti ọmọ iṣẹ́ mọ́ òṣìṣẹ́, ì báà jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni wọ́n fi gbà á. Agbanisíṣẹ́ ló ń san ìdá 1 nínú 100 owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sí àpò NSITF, kò sì gbọdọ̀ yọ ọ́ lára owó wọn. Àpò yìí ló wà fún ìtọ́jú àti owó gbà-máà-bínú. Bí ẹni náà bá kú, opó àti àwọn ọmọ rẹ̀ ló ni ín.

Àkókò ni nǹkan ti ń bàjẹ́. Ọjọ́ 14 ni ẹni tó farapa ní láti fi tó ọ̀gá létí, ọjọ́ 7 ni ọ̀gá ní láti fi tó NSITF létí, ọdún 1 sì ni ààyè láti béèrè owó. Àwa náà mọ ẹ̀bẹ̀ bẹ̀ jù: àwọn àgbà á ní kí á parí ọ̀rọ̀ nílé, ṣebí ọ̀gá náà kì í ṣe àjèjì. A kò ní kí ẹ má gba ẹ̀bẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá fọwọ́ sí ìwé pé òun ti yááfì ẹ̀tọ́ òun, òfin kò ka ìwé náà sí. Kí ẹni tó bá farapa kọ lẹ́tà, kí ó kọ ọjọ́ àti orúkọ àwọn tó wà níbẹ̀ sí i, kí ó sì fi ẹ̀dà kan sílé.