Ohun Tí Ojú Kò Rí: Lórí Àwọn Géèmù Adẹ́rùbani Kéékèèké

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí lè dà bí ọ̀rọ̀ ọmọdé lójú àwọn kan nínú yín, nítorí géèmù orí kọ̀ǹpútà ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Kì í ṣe àwọn ńláńlá tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ òṣìṣẹ́ ń pawọ́ pọ̀ ṣe, bí kò ṣe àwọn kékeré tí ẹnìkan tàbí ẹni méjì jókòó ṣe, tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ya àwòrán wọn bí ti ẹ̀rọ àtijọ́, tí wọ́n sì ń dẹ́rù bani. Àwọn kan ní àárò ìgbà èwe ni kì í jẹ́ kí irú eré bẹ́ẹ̀ kúrò lọ́kàn ènìyàn. Èmi kò gbà. Irọ́ ni, irọ́ náà sì ń pa àwọn ọ̀dọ́ wa lára, bí mo ṣe máa fi hàn.

Ẹ wo FAITH, iṣẹ́ ẹni tí ń jẹ́ Airdorf. Apá kìíní rẹ̀ jáde ní 2017, apá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì pé ní 2022. Àlùfáà kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ John Ward padà lọ sí ilé kan ní Connecticut, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ní ọdún 1987, láti parí iṣẹ́ lílé ẹ̀mí àìmọ́ tí kò yọrí. (Mo kọ ẹ̀mí àìmọ́, n kò kọ "ẹ̀mí èṣù", ẹ̀yin tí ẹ ń kà mí ti mọ ìdí rẹ̀.) Àwòrán rẹ̀ kò ju onígun mẹ́rin kéékèèké lọ, bí ti Atari àti Apple II. Apple II jáde ní 1977. N kò ní in rí, aládùúgbò mi kò ní in, n kò tilẹ̀ fojú kàn án. Àárò wo ni ó wá fẹ́ sọ mí?

Síbẹ̀ jìnnìjìnnì bò mí. Àgbélébùú nìkan ni ó wà lọ́wọ́ àlùfáà náà, ìrìn rẹ̀ kò sì yá, bẹ́ẹ̀ ni ohun tí ń lé e yá ju ìyẹn lọ. Èyí tí ó burú jù ni ohùn. Wọ́n lo SAM, ètò kọ̀ǹpútà ọdún 1982 tí ó ń pe ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì jáde. Ó ń sọ̀rọ̀ bí ènìyàn, kò sì jẹ́ ènìyàn. Ó yẹ kí èyí yé àwa Yorùbá ju ẹlòmíràn lọ, àwa tí a mọ ìyàtọ̀ igba, igbá àti ìgbà. Ẹni tí ó bá ti gbọ́ kí ẹ̀rọ máa ka èdè wa láìsí ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ mọ bí ara ṣe ń rí nígbà tí ọ̀rọ̀ bá pé ṣùgbọ́n tí kò sí ẹnìkankan nínú rẹ̀.

Èdè wa pàápàá ti ya ọ̀rọ̀ yìí sọ́tọ̀. Bí ẹnìkan bá fara pamọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn tí ó sì ké lójijì, àyà mi já. Ìjáyà nìyẹn, kì í pẹ́ lọ. Bóyá a óò tún rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n jìnnìjìnnì a máa boni ni, bí aṣọ. Ọ̀pọ̀ géèmù adẹ́rùbani ń ta ìjáyà ní owó jìnnìjìnnì.

Iron Lung ni ẹ̀rí mi tí ó lágbára jù. David Szymanski ni ó ṣe é, ó sì jáde ní oṣù kẹta ọdún 2022. Ẹlẹ́wọ̀n ni ẹni tí ń ṣe eré náà. Wọ́n tì í mọ́ inú ọkọ̀ abẹ́ omi kékeré kan, wọ́n fi iná jó ilẹ̀kùn rẹ̀ pa, wọ́n sì sọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ òkun ẹ̀jẹ̀. Irin ti bo fèrèsé. Ohun tí ó ní kò ju máàpù kan lọ, àti nọ́ńbà tí ń sọ ibi tí ọkọ̀ dé, àti ohun tí ń dún bí ògiri bá súnmọ́. Bí ó bá fẹ́ mọ ohun tí ó wà níta, ó gbọ́dọ̀ fi ìdí ìwakọ̀ sílẹ̀, kí ó lọ sí ẹ̀yìn, kí ó tẹ bọ́tìnì, kí kámẹ́rà ya fọ́tò kan ṣoṣo, dúdú àti funfun, wúruwùru. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà àpáta lásán ni. Nígbà mìíràn kì í ṣe àpáta. Ẹ ṣàkíyèsí pé kò sí ẹni tí ó fipá mú un wò. Ọwọ́ ara rẹ̀ ni ó fi tẹ bọ́tìnì náà. Ṣáájú kí fọ́tò tó yọ, òun fúnra rẹ̀ ti ya àwòrán tí ó burú ju èyíkéyìí lọ sínú ọkàn. Nǹkan bí wákàtí kan ni gbogbo rẹ̀. Ibi kan ṣoṣo tí n kò ti bá Szymanski lọ ni ìparí, níbi tí ẹ̀dá òkun náà ti fọ́ ọkọ̀ wọlé: ìjáyà ni ó fi parí iṣẹ́ jìnnìjìnnì.

Àwọn afarawé kò rí èyí. Wọ́n rí i pé kùrukùru bo ìlú inú Silent Hill ní 1999, wọ́n sì da kùrukùru sínú tiwọn. Ṣùgbọ́n PlayStation ìgbà náà kò lè ya ọ̀nà jíjìn. Àwọn tí ó ṣe é fi kùrukùru bo àléébù ẹ̀rọ, wọ́n sì fi ohun tí ń rìn pamọ́ sínú rẹ̀. Kùrukùru tí kò sí nǹkan lẹ́yìn rẹ̀, èéfín lásán ni.

Ta ni ó yẹ kí ó kọ́ wa ní èyí? Ní ọ̀pọ̀ ìlú wa, bí Orò bá jáde, obìnrin àti àlejò a wọlé, wọn a tilẹ̀kùn. Ohùn rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń gbọ́ lójú títì, ohùn náà sì tó. Ẹnìkan lè bi mí pé Fágúnwà ńkọ́, tí ó ṣàpèjúwe Agbákò láti orí dé ẹsẹ̀ nínú Ògbójú Ọdẹ ní 1938? Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ni ó fi ṣe é. Agbákò tèmi kò jọ Agbákò tiyín.

Ohun tí ó mú mi kọ èyí ni pé mo ń pàdé àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n fẹ́ fi ìtàn wa ṣe géèmù, tí wọ́n sì ń sọ pé owó àwòrán kò sí, nítorí náà kí a dúró. Kí a dúró de kí ni? Paweł Koźmiński, oníṣègùn eyín ní Póláńdì, fi Microsoft Paint ya World of Horror, ó sì parí rẹ̀ ní 2023. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí fi àwòrán Orò tí ó yà hàn mí: ìwo méjì, eyín gígùn, ojú pupa. Mo ní kí ó pa á rẹ́, kí ó fi ohùn nìkan sílẹ̀, kí ó sì jẹ́ kí ẹni tí ń ṣe eré fi ọwọ́ ara rẹ̀ pinnu bóyá yóò ṣí fèrèsé. Ó ní ta ni yóò ra eré tí a kò ti rí nǹkan. Mo ní kí ó lọ jókòó fún wákàtí kan nínú ọkọ̀ Szymanski kí ó tó dá mi lóhùn. N kò tíì gbọ́ èsì.