Ẹ Gé Ìpè Náà Mọ́ Wọn Lẹ́nu
Àwọn òbí wa tó ń dá gbé ní Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn gbájú-ẹ̀ kan ń dọdẹ. Wọ́n á ní Microsoft ni àwọn ti ń pè, pé fáírọ́ọ̀sì ti wọ kọ̀ǹpútà yín. Irọ́ gbuu ni! Microsoft kì í dédé pe ẹnikẹ́ni. Wọ́n á ní kí ẹ ṣí Event Viewer, ibi tí kọ̀ǹpútà ń kọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀ sí, kí ẹ wo àmì pupa tó kún ibẹ̀. Bẹ́ẹ̀, kọ̀ǹpútà tí kò ní àrùn kankan pàápàá ń ní irú àmì yẹn. Wọ́n kàn fẹ́ dẹ́rù bà yín ni. Ẹni tó bá ní kí ẹ fi AnyDesk, tí wọ́n fi ń darí kọ̀ǹpútà láti òkèèrè, sórí ẹ̀rọ, tàbí kí ẹ fi gift card sanwó, olè ni. Bí wọ́n bá ti wọ inú kọ̀ǹpútà yín, ẹ pa íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ pe báńkì yín kíá. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ tẹ 159 láti bá báńkì yín sọ̀rọ̀.