Ìwé Àṣẹ Láàbù Kì í Ṣe Ìwé Àṣẹ Dílà

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi í gbọ́. Kò sí òde ìkómọ tàbí ìgbéyàwó tí a lọ ní Missouri City ní Texas, láti Texas Parkway títí dé Sienna, tí ẹnìkan kò ní sọ ọ́ bí ẹni pé ó rí i kà nínú Bíbélì: pé àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tí ìjọba fún níwèé àṣẹ láti lo kokéènì, fentanyl àti igbó nínú láàbù, dílà tó wọ aṣọ funfun lásán ni wọ́n, pé owó ni wọ́n fi ń ra ìwé náà, pé òbí tó bá ní làákàyè kò ní jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ sún mọ́ irú ibẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn, n kò sì ní bá wọn ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Láìpẹ́ yìí ni ìyá kan tí mo bọ̀wọ̀ fún sọ lójú gbogbo wa pé òun ti pàṣẹ fún ọmọ òun obìnrin kó kúrò ní láàbù tó ti ń kọ́ṣẹ́, nítorí ohun tó wà nínú séèfù wọn. Àwọn èèyàn sì ń kan sáárá sí i.

Ta ni nínú wọn ló ti rí ìwé àṣẹ yìí rí? Fọ́ọ̀mù 225 ti DEA, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣọ́ oògùn olóró, ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ fún un. Ìwé tí dókítà fi ń kọ oògùn fún wa máa ń lo ọdún mẹ́ta. Ti olùwádìí kò kọjá ọdún kan, kó tó tún un gbà. Àdírẹ́sì tó bá fi tó ìjọba létí nìkan ni yóò ti lò ó, kò gbọdọ̀ gbé e lọ síbòmíràn. Bí oògùn náà bá wà ní Ìpín Kìíní, ìyẹn àwọn tí òfin 1970 tí Ààrẹ Nixon fọwọ́ sí kà sí aláìwúlò fún ìtọ́jú, olùwádìí á kọ ohun tó fẹ́ ṣe sílẹ̀, iye tó fẹ́ lò àti bí yóò ṣe tì í mọ́lé, ìjọba á sì fi ránṣẹ́ sáwọn tó mọ̀ nípa oògùn kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Èyí tó wọlé, wọ́n á kọ ọ́. Èyí tí wọ́n lò, wọ́n á kọ ọ́. Ó kéré tán, ní ọdún méjì méjì, wọ́n á ka gbogbo rẹ̀ látòkèdélẹ̀. Dílà wo lẹ mọ̀ tó ń ka ọjà rẹ̀ fún ọlọ́pàá?

Wọ́n tún ní gbogbo ayé ti fòfin de àwọn oògùn wọ̀nyí pátápátá. Irọ́ ni: àdéhùn àgbáyé ti 1961 fúnra rẹ̀ yọ ìṣègùn àti ìwádìí sáyẹ́ǹsì sílẹ̀. Wọ́n ní ìwádìí bẹ́ẹ̀ kò mú ire kan jáde rí. Naloxone tí wọ́n ń fín sí imú ẹni tí fentanyl fẹ́ pa, láàbù tó ń ṣiṣẹ́ lórí àwọn ẹbí mọ́fíìnì ló ti wá.

Ṣùgbọ́n ohun tó ń bí mi nínú jù ni ọ̀rọ̀ àwọn tí kò ṣẹ̀ tí wọ́n fìyà jẹ.

Káńtì Fort Bend ni èyí tó pọ̀ jù nínú Missouri City wà, apá kan rẹ̀ sì wọ káńtì Harris. Harris yìí náà ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń ṣiṣẹ́. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí di 2017, ọlọ́pàá ìlú Houston níbẹ̀ máa ń gbé ohun ìdánwò kékeré kan kiri nínú mọ́tò wọn, owó rẹ̀ kò ju nǹkan bíi dọ́là 2 lọ. Wọ́n á dá ọ dúró, wọ́n á rí ẹ̀rún funfun kan nílẹ̀ mọ́tò, wọ́n á bù ú sínú omi oògùn. Bó bá di búlúù, kokéènì nìyẹn. Bẹ́ẹ̀, onírúurú nǹkan tí kì í ṣe kokéènì rárá ló ń sọ omi náà di búlúù. Ẹni tí kò rówó béèlì san á wà ní àtìmọ́lé. Wọ́n á sọ fún un pé bó bá gbà pé òun jẹ̀bi, kò ní pẹ́ lọlé; bí kò bá gbà, ẹ̀wọ̀n ọlọ́dún gbọọrọ lè dúró dè é. Ó níṣẹ́, ó lọ́mọ nílé. Á gbà. Láàbù kò sì tíì fọwọ́ kan ẹ̀rún náà!

Ìgbà tí láàbù wá dé orí rẹ̀, tí onítọ̀hún ti ṣẹ̀wọ̀n tán nígbà mìíràn, wọn kò rí oògùn olóró kankan níbẹ̀. Láti 2014 ni ọ́fíìsì agbẹjọ́rò ìjọba ní Harris ti ń tú irú fáìlì bẹ́ẹ̀ wò. Ní 2015 nìkan, èèyàn 42 ni wọ́n dá láre ní Harris nínú ẹjọ́ oògùn tí wọ́n ti gbà pé àwọn jẹ̀bi. Ẹ tún un kà: 42.

Kí ló yọ wọ́n? Ẹ̀rọ láàbù ni. Ṣé ẹ rò pé ẹ̀rọ ń dá kokéènì mọ̀ láti inú ìyá rẹ̀ ni? Kó tó lè sọ pé èyí kì í ṣe kokéènì, wọ́n ní láti kọ́kọ́ fún un ní ojúlówó kokéènì tí wọ́n ti mọ bó ṣe mọ́ tó, kó máa fi ìyókù wé e. Ojúlówó yẹn ló wà nínú séèfù. Ìwé àṣẹ ni wọ́n fi rà á. Àní òfin sọ pé láàbù àwọn agbófinró, títí kan ti DEA fúnra rẹ̀, gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọọdún kó tó lè gba irú rẹ̀. Ẹ kó gbogbo ìwé àṣẹ wọ̀nyẹn dànù lónìí bí ẹ ṣe ń fẹ́, kí ẹ wá sọ ẹni tí yóò gba ọmọ yín sílẹ̀ lọ́la.

Ẹ sì mọ ohun tí irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ ń ṣe sí ẹni tó ní green card. Ẹyọ kan lè dá a padà sílé lẹ́yìn ogún ọdún, kí ìyàwó àtọmọ wà níhìn-ín. Èlùbọ́ àti gààrí ń dà sílẹ̀ mọ́tò wa lójoojúmọ́. Ẹni tí yóò sọ pé èlùbọ́ ni, tí adájọ́ yóò sì gbà á gbọ́, òun lẹ ń pè ní dílà! Òun lẹ ní kí ọmọ yín má dà!

Àwọn kan náà ló máa ń ráhùn pé òyìnbó ń jí egbò ilẹ̀ adúláwọ̀. Ó dáa. Egbò iboga ti Gabon, tí àwọn ẹlẹ́sìn Bwiti ti ń lò tipẹ́, ibogaine inú rẹ̀ wà ní Ìpín Kìíní níhìn-ín. Ní oṣù kẹfà ọdún 2025, Gómìnà Abbott fọwọ́ sí òfin tó fàyè gba 50 mílíọ̀nù dọ́là owó Texas fún ìwádìí rẹ̀, bóyá ó lè gba àwọn tí oògùn olóró ti sọ di ẹrú. Ó lè da ìlù ọkàn rú, nítorí náà kì í ṣe ohun tí a ń dédé gbé fún èèyàn mu. Ta ni yóò jókòó nídìí rẹ̀ tí a bá ti lé gbogbo ọmọ tiwa jáde?

Bí ẹ bá fẹ́ bínú sí ìwé àṣẹ, ẹ bínú pé ó le jù. Láti 1968 títí di 2021, Yunifásítì Mississippi nìkan ni ìjọba àpapọ̀ gbà láyè láti gbin igbó tí gbogbo olùwádìí Amẹ́ríkà lè fi ṣiṣẹ́. Òfin fentanyl tí Ààrẹ Trump fọwọ́ sí ní oṣù keje 2025 ti ṣí ọ̀nà díẹ̀ fún àwọn olùwádìí; ó yẹ kó ṣí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ẹ sì gbé ariwo tó kù lọ síwájú àwọn tó ń pín owó ìlú ní Fort Bend àti Harris, kí èsì láàbù máa dé kí wọ́n tó ní kí ẹnikẹ́ni wá sọ pé òun jẹ̀bi.