Ẹ Yé Fi Òjò Ajá àti Ológbò Yọ Àwọn Ọmọ Lẹ́nu

Ẹ dé ibi tí wọ́n ti ń ta ìwé ìdánwò n'Ìbàdàn tàbí l'Ékòó, ẹ ò ní ṣàì rí i: ìwé pẹlẹbẹ tí wọ́n kó àkànlò èdè Gẹ̀ẹ́sì jọ sí, ìtumọ̀ ní ìlà kan péré, ó tán. Ọmọ tó fẹ́ ṣe WAEC tàbí JAMB á gbé e sọ́wọ́, á máa há a sórí. "Kick the bucket": kú. "Let the cat out of the bag": tú àṣírí. "It is raining cats and dogs": òjò ńlá ń rọ̀. Tó bá ti há igba tán, àwọn òbí á ní Gẹ̀ẹ́sì ti yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Irọ́ ni. Àlọ́ àpamọ̀ ló kọ́, kò tíì kọ́ èdè.

Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí mo ti ń fi kóòdù jẹun, ọ̀pọ̀ àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ló sì wà ní London, Berlin àti Bangalore. Títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, ẹnì kankan ò tíì kọ ọ̀rọ̀ òjò ajá àti ológbò ránṣẹ́ sí mi. Ohun tí mò ń rí lójoojúmọ́ ni "hold off", "look into", "roll back", "fall through", "sort out". Phrasal verb ni wọ́n ń pè wọ́n: ọ̀rọ̀-ìṣe kékeré tó pọn ọ̀rọ̀ kékeré míì, tí ìtumọ̀ wọn wá di nǹkan tí ẹ ò lè rí lára ìkankan nínú àwọn méjèèjì. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà, ibẹ̀ lowó wà. Òun gan-an ni wọ́n sì máa ń sáré kọjá ní kíláàsì, bóyá torí pé kò ládùn. Kò sí ajá nínú ẹ̀, kò sí ológbò.

Ọmọkùnrin kan wà ní iléeṣẹ́ kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí. Orí ẹ̀ pé, first class ló fi jáde. Ní ọ̀sán Fúráìdé kan, ọ̀gá wa tó wà lókè òkun kọ̀wé sí i pé "hold off on the release". Ó mọ "hold": dì í mú. Ó rò pé iṣẹ́ náà ni wọ́n ní kí òun dì mú, pé ó ti di ti òun. Ló bá tú u síta fáwọn oníbàárà lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ohun tí ọ̀gá sì ń sọ ni pé kó ṣì ní sùúrù ná. Sátidé, Sọ́ńdè, a ò fojú ba oorun. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ẹnìkan ní ìpàdé ní àfi kí wọ́n wá nǹkan ṣe sí Gẹ̀ẹ́sì àwọn ọmọ Nàìjíríà. Ọmọ tí ẹ bá jí lóru, tó máa sọ ìtumọ̀ "a bolt from the blue" fún yín kẹ́ ẹ tó la ẹnu tán! Kò sì sẹ́ni tó bi ọ̀gá léèrè pé kí ló ṣe é tí kò kọ "wait".

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi "ọ̀rọ̀ kékeré ni" tàn yín. Ní 1930, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan, C. K. Ogden, gbé ohun tó pè ní Basic English jáde, ọ̀rọ̀ 850 péré, kí gbogbo ayé lè tètè gbọ́ ọ. Ọ̀rọ̀-ìṣe tó wà nínú ẹ̀ kò ju 18 lọ. Ó dùn ún gbọ́, àbí? Ṣùgbọ́n ta ló lè fi ọ̀rọ̀-ìṣe 18 sọ gbogbo tinú ẹ̀? Ọgbọ́n tí Ogden dá ni pé ó mú "put", "get", "take", "give", ó ń so wọ́n mọ́ "up", "out", "off", "in". Bí "put" bá bá "off" pàdé, ó di ká sún nǹkan síwájú. Tó bá bá "out" pàdé, iná ló pa. Tó bá wá kó "up" àti "with" mọ́ra, ìfaradà ló dà. Ọ̀rọ̀ díẹ̀ ni wọ́n kà nínú 850 yẹn, àmọ́ ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ máa kọ́ lára wọn ò lóǹkà. Wọ́n gbé ẹrù kúrò lórí, wọ́n gbé e sí i léjìká.

Àwa tá à ń lo Git mọ bí irú ẹ̀ ṣe ń rí. "Checkout" ló ń gbé èèyàn láti ẹ̀ka iṣẹ́ kan bọ́ sí òmíràn, òun náà ló tún ń dá fáìlì padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, tí àtúnṣe tí o ti fi gbogbo òwúrọ̀ ṣe á sì pòórá. Ní 2019 wọ́n kúkú mú "switch" àti "restore" wá, kí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan lè ní orúkọ tiẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní àwọn tó fẹ́ ìyípadà yẹn ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì o.

Ohun tó wá ń bí mi nínú jù ni pé ọmọ Yorùbá kì í ṣe àlejò nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ṣebí àwa náà ní ọ̀rọ̀-ìṣe ẹlẹ́là, èyí tó ń là sí méjì kí ohun tí ọ̀rọ̀ kàn lè bọ́ sáàárín. Iṣẹ́ bàjẹ́, ó ba iṣẹ́ jẹ́. Wọ́n tàn mí jẹ, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó jẹ nǹkan kan níbẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ti ṣàlàyé wọn nínú A Grammar of Yoruba láti 1966. Ẹ wá wò ó: olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì á pariwo títí ọ̀fun ẹ̀ á fi gbẹ pé "put it off" ni, kì í ṣe "put off it". Ọmọ ọdún mẹ́ta nílé wa ò ní sọ "ó bàjẹ́ ẹ" láéláé. "Ó bà á jẹ́" ló máa sọ. Òfin náà ti wà lẹ́nu ẹ̀ kó tó mọ ABD. Lóòótọ́, kì í ṣe gbogbo phrasal verb ló ń là. "Look into" kì í là, Gẹ̀ẹ́sì sì gbà kí èèyàn sọ "put off the meeting" níbi tí Yorùbá ò ti ní gbà. Ìyẹn ò le. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni olùkọ́ máa fi ṣàlàyé ẹ̀, bí wọ́n bá gbà á láyè láti la ẹnu sọ Yorùbá ní kíláàsì.

Wọn ò sì gbà. Ọ̀pọ̀ iléèwé aládàáni ló ṣì ń fìyà jẹ ọmọ tó bá sọ Yorùbá. Bẹ́ẹ̀, láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ n'Ílé-Ifẹ̀ fún odindi ọdún mẹ́fà, tí wọ́n ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ yẹn ò gbẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì náà. Ìwádìí ọ̀hún wà nílẹ̀, eruku ló ń bò ó.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sọ pé àkànlò èdè ló ń fi ẹwà sí Gẹ̀ẹ́sì, mo gbọ́. Mi ò ní kí ọmọ má mọ̀ ọ́n. Kó bá a pàdé nínú ìwé ìtàn, níbi tó ti máa rí ẹni tó sọ ọ́, ẹni tí wọ́n sọ ọ́ fún, àti ìdí ẹ̀. Ìtumọ̀ oníìlà kan ò lè fún un níyẹn. Ẹ fi tiwa wò ó. Ọba kì í kú, ó wàjà ni. Àgbà tó pẹ́ láyé, ó ti re ibi àgbà ń rè. Ẹni tí a fẹ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́, ó ti gbẹ́kuru jẹ lọ́wọ́ ẹbọra. Ẹ dán ìyẹn wò níwájú opó, kẹ́ ẹ wo ohun tí ẹbí ọkọ ẹ̀ máa fi ojú yín rí. Bí "kick the bucket" ṣe rí nìyẹn: ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìbánikẹ́dùn. Mélòó nínú àwọn tó há a sórí ni wọ́n sọ ọ́ fún?

Àwọn tó ni èdè pàápàá, ó ń dà wọ́n rú. Churchill kọ ọ́ sínú ìtàn Ogun Àgbáyé Kejì tó kọ pé àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì àti ará Amẹ́ríkà jiyàn gidi lórí "table". Lọ́dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ká "table" ọ̀rọ̀ ni ká gbé e síwájú ìgbìmọ̀ lójú ẹsẹ̀. Lọ́dọ̀ Amẹ́ríkà, ká gbé e tì ni. Ohun kan náà sì ni tọ̀tún tòsì ń fẹ́!

Tó bá wá di ọ̀rọ̀ ẹ̀mí, ẹ wo ohun tí wọ́n ń ṣe. Ìlànà kan wà fún ìwé àtúnṣe ọkọ̀ òfurufú, Simplified Technical English lorúkọ ẹ̀. Ọ̀kan nínú òfin ẹ̀ ni pé ká má hun phrasal verb jọ. Voice of America náà, nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ Special English ní 1959, nǹkan bí ọ̀rọ̀ 1,500 ni wọ́n fi ń ka ìròyìn, wọ́n sì ń yẹra fún àkànlò èdè. Kò sẹ́ni tó pe mẹkáníìkì wọn ní òpè.

Torí náà, ẹ̀yin ọ̀gá tẹ́ ẹ gba ọmọ Èkó, ọmọ Nairobi àti ọmọ Manila síṣẹ́ torí pé owó oṣù wọn ò wọ́n, "wait" ò gùn ju "hold off" lọ. Ẹ kọ ọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe ìdánwò, ẹ yé bi ọmọ pé kí ni ológbò ń wá nínú àpò. Ẹ fún un ní lẹ́tà kúkúrú kan tí ọ̀gá kọ sí òṣìṣẹ́, kẹ́ ẹ ní kó sọ ohun tí ọ̀gá ní kó ṣe lọ́la, èyí tó ní kó ṣì fi sílẹ̀, àti èyí tó yẹ kó padà lọ béèrè kó tó fọwọ́ kàn án.