Ìwé Orúkọ Kóòṣì

Nírọ̀lẹ́, nígbà tí oòrùn bá ti rọ̀, pápá ilé-ìwé kan ní Awo, olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ẹgbẹdọrẹ, kì í dá páro. Àwọn ọmọdékùnrin á ti kóra jọ síbẹ̀: ẹni tó wọ bàtà bọ́ọ̀lù, ẹni tó wọ sálúbàtà, ẹni tó wá pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán. Ọparun méjì ni wọ́n rì mọ́lẹ̀ fi ṣe ojúlé góòlù lápá kan. Búlọ́ọ̀kù méjì ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn lápá kejì. Ẹni tó ń fun fèrè fún wọn, táyà ló ń lẹ̀ lójú ọ̀sán. Bó bá ti di aago márùn-ún, á fọ ọwọ́, á ti ṣọ́ọ̀bù, á há bọ́ọ̀lù mọ́ abíyá, ó di pápá. Kóòṣì ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Kò sí ẹni tó ń san owó oṣù fún un.

Mo jókòó tì í lórí bẹ́ǹṣì. Mo ní, "Kóòṣì, ẹ kú wàhálà àwọn ọmọ o. Ǹjẹ́ ẹ ní ìwé tí orúkọ wọn wà nínú rẹ̀?"

"Ó wà ńbí, ẹ̀gbọ́n." Ó kó ọwọ́ sínú àpò, ó mú ìwé ilé-ìwé kan jáde tí epo ti ta sí lẹ́yìn. Orúkọ pọ̀ nínú rẹ̀ lóòótọ́. Níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan ni iye tí ọmọ náà dá fún bọ́ọ̀lù tuntun wà: igba náírà, ọgọ́rùn-ún náírà, "yóò mú un wá lọ́la." Ṣùgbọ́n ẹnì kan ń jẹ́ Okocha nínú ìwé yẹn. Ẹnì kan ń jẹ́ Kékeré. Ẹnì kan ń jẹ́ Ọmọ Ìyá Ẹlẹ́kọ. Kò sí ọjọ́ ìbí ẹnikẹ́ni, kò sì sí ọjọ́ tí ọmọ kan kọ́kọ́ dé pápá. Mo dá ìwé náà padà fún un, ọkàn mi kò sì kúrò nínú rẹ̀ títí mo fi délé, nítorí ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń kọ̀wé nípa owó, mo sì mọ iye tí àlàfo inú ìwé yẹn lè gbé mì.

Òfin àjọ FIFA sọ pé nígbàkígbà tí ẹgbẹ́ kan bá ra agbábọ́ọ̀lù lọ́wọ́ ẹgbẹ́ tó wà ní orílẹ̀-èdè mìíràn, wọ́n gbọ́dọ̀ yọ ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún owó náà fún àwọn ẹgbẹ́ tó tọ́ ọ dàgbà, láti ọdún tó pé 12 títí dé ọdún tó pé 23. Láti 12 dé 15, ìdá 0.25 nínú 100 ló wà fún ọdún kọ̀ọ̀kan. Láti 16 lọ, ìdá 0.5 ni. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ bí ìyá ọlọ́jà ṣe ń ṣírò ọjà rẹ̀. Bí ọmọ kan bá wà lọ́wọ́ Kóòṣì yìí láti 12 dé 18, ọdún mẹ́rin àkọ́kọ́ bí ìdá kan, ọdún mẹ́ta tó tẹ̀ lé e bí ìdá kan àbọ̀. Ìdá méjì àbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún nìyẹn. Bó bá wá di ọjọ́ iwájú tí wọ́n ta ọmọ náà ní mílíọ̀nù mẹ́wàá yúrò láti ìlú òyìnbó kan sí òmíràn, 250,000 yúrò ló tọ́ sí pápá yìí. Bí wọ́n bá sì tún un tà lẹ́yìn ọdún méjì, wọ́n á tún san.

Lọ́dún 2025, ẹgbẹ́ Galatasaray ti Turkey ra Victor Osimhen lọ́wọ́ Napoli ní mílíọ̀nù 75 yúrò. Ìdá márùn-ún rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù mẹ́ta àti 750,000 yúrò. Olúsosùn ní Èkó ni wọ́n ti tọ́ Osimhen, níbi tí àkìtàn ńlá yẹn wà, kò sì kúrò ní Nàìjíríà títí ó fi pé ọmọ ọdún 18 tí Wolfsburg ti Jámánì wá mú un. Gbogbo ọdún tó fi gbá bọ́ọ̀lù nílé láti ìgbà tó pé 12 kó tó lọ ló ní iye tó ń jẹ́ nínú owó yìí. Àmọ́ FIFA kì í san owó fún ìtàn ẹnu. Láti oṣù kọkànlá ọdún 2022 ni wọ́n ti ní ilé ìṣírò kan ní Paris tó ń pín irú owó báyìí, ohun tí wọ́n sì ń wò ni àkọsílẹ̀ tó wà lọ́wọ́ àjọ bọ́ọ̀lù orílẹ̀-èdè: ẹgbẹ́ wo ni ọmọ yìí wà, láti ọjọ́ wo dé ọjọ́ wo. Ẹgbẹ́ tí kò forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ náà, àfi bíi pé kò sí láyé rí. Kóòṣì lè tọ́ ọmọ fún ọdún méje, kó bá a gbààwẹ̀, kó ra ẹ̀wà fún un lẹ́yìn eré, bí kò bá sí nínú ìwé, òfo ni.

Ibi tí àwọn èèyàn ti mọ èyí tipẹ́ kò jìnnà sí wa. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni ẹgbẹ́ ASEC Mimosas ti Abidjan ti kọ́ ilé ẹ̀kọ́ bọ́ọ̀lù sí Sol Béni. Roger Ouégnin tó jẹ́ ààrẹ ẹgbẹ́ náà àti ará Faransé kan, Jean-Marc Guillou, ni wọ́n jọ dá a sílẹ̀. Wọ́n kó àwọn ọmọ kéékèèké síbẹ̀, wọ́n ń bọ́ wọn, wọ́n ń kọ́ wọn níwèé, wọ́n sì ń kọ́ wọn ní bọ́ọ̀lù. Lọ́dún 1998, ASEC gba ife àwọn ẹgbẹ́ tó borí ní Áfíríkà. Ohun tí ẹgbẹ́ mìíràn ì bá ṣe ni kó fi owó ife náà ra àwọn àgbà sí i. ASEC jẹ́ kí àwọn àgbà rẹ̀ lọ. Nígbà tí ó di oṣù kejì ọdún 1999 tí wọ́n fẹ́ gbá Super Cup ilẹ̀ Áfíríkà pẹ̀lú Espérance ti Tunis, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ yẹn ni wọ́n kó jáde, ọ̀dọ́ tí ọ̀pọ̀ wọn kò tíì pé ogún ọdún. Kolo Touré wà níbẹ̀. Didier Zokora wà níbẹ̀. Aruna Dindane náà wà níbẹ̀. Wọ́n gbá a kọjá àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú, wọ́n sì na Espérance ní mẹ́ta sí ẹyọ kan.

Mo fẹ́ràn ìtàn yìí ju gbogbo ìtàn bọ́ọ̀lù tí mo mọ̀ lọ. Ẹ wo ohun tó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ: púpọ̀ nínú àwọn ọmọ yẹn ré kọjá sí Beveren ní Belgium, wọ́n tibẹ̀ tàn ká Yúróòpù, nígbà tó sì di 2006, Côte d'Ivoire lọ sí Ife Àgbáyé fún ìgbà àkọ́kọ́ nínú ìtàn rẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo yẹn ló sì tọ́ ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó wọ pápá. Bí ẹ bá ní kí n ṣírò ohun tí wọ́n ná lórí oúnjẹ àti ìwé àwọn ọmọ náà, n kò rí i bí owó tó tóbi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tó mú wálé.

Àwa náà kò ṣàì ní tiwa. Lọ́dún 1976, IICC Shooting Stars ti Ìbàdàn gba ife àwọn olùborí ife ní Áfíríkà, wọ́n na Tonnerre ti Yaoundé, ẹgbẹ́ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba ife ilẹ̀ Áfíríkà nìyẹn. Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí tó ń sáré létí pápá fún wọn, akẹ́kọ̀ọ́ Pólì Ìbàdàn ni. Múdà Lawal, iṣẹ́ mẹkáníìkì ló ń ṣe kí bọ́ọ̀lù tó gbé e dìde. Ilé ni wọ́n ti rí wọn, ilé ni wọ́n ti kọ́ wọn. Ìlànà tó mú wọn jáde nígbà yẹn, ìdíje ilé-ìwé àti ìdíje ilé-iṣẹ́, a jẹ́ kó gbẹ lójú wa.

Lónìí, púpọ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ wa, owó ìjọba ìpínlẹ̀ ni wọ́n ń jẹ. Ọdún ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n á kó agbábọ́ọ̀lù tuntun wá láti igun mẹ́rin orílẹ̀-èdè. Ọdún ń parí, wọ́n á tú wọn ká. Owó oṣù á wọ gbèsè, kóòṣì á lọ, òmíràn á dé. Ẹni tó bá ń ra iṣu jẹ lójoojúmọ́ nígbà tí oko rẹ̀ wà níbẹ̀ tó ń hu koríko, a mọ orúkọ tí a máa ń pè é lábúlé.

Ìdí nìyí tí inú mi fi dùn sí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́. Kúnlé Soname, tó wà lára àwọn tó dá ilé-iṣẹ́ tẹ́tẹ́ Bet9ja sílẹ̀, ló ni Remo Stars, ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù ìlú náà. Ẹgbẹ́ náà ti já bọ́ kúrò nínú líìgì ńlá rí. Wọ́n padà wá, wọ́n ṣe ipò kejì ní 2023, wọ́n tún ṣe ipò kejì ní 2024, ní 2025 wọ́n gba líìgì Nàìjíríà lábẹ́ Daniel Ògúnmọ́dẹdé. Láti ìgbà tí Julius Berger ti Èkó ti gbà á ní 2000, kò sí ẹgbẹ́ ilẹ̀ Yorùbá mìíràn tó tún fọwọ́ kàn án. Wọ́n ní pápá tiwọn, wọ́n ní ilé ẹ̀kọ́ ọ̀dọ́ tí wọ́n ń pè ní Beyond Limits, àwọn ọmọ ń gòkè láti ibẹ̀. Kì í ṣe gbogbo agbábọ́ọ̀lù wọn ni wọ́n tọ́ fúnra wọn, n kò sì ní purọ́ pé bẹ́ẹ̀ ni. Mi ò sì ní fi pamọ́ pé nígbà tí wọ́n jáde sí Áfíríkà lọ́dún 2025 yẹn, Mamelodi Sundowns ti South Africa na wọn ní márùn-ún sí ẹyọ kan ní Abẹ́òkúta, wọ́n tún fi méjì kún un níbi tiwọn. Ó dùn mí. Ṣùgbọ́n ọ̀pẹ àgírìkì pàápàá, ó di ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin kó tó so, kò sì sí àgbẹ̀ tí í gé e lulẹ̀ nítorí pé ọdún kejì kò mú epo wá.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé sùúrù yìí, ọ̀rọ̀ tálákà ni, kó wo Amẹ́ríkà, kó wo eré béésìbọ́ọ̀lù tí wọ́n ń náwó sí bí ẹlẹ́dàá. Níbẹ̀, ọmọ tí ẹgbẹ́ kan bá tọ́ dé líìgì ńlá, ó gbọ́dọ̀ lo ọdún mẹ́fà gbáko níbẹ̀ kó tó lè lọ ta ara rẹ̀ fún ẹni tó wù ú. Nínú ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́, owó tó kéré jù lọ nínú líìgì, tàbí ohun tó fi díẹ̀ jù ú lọ, ni wọ́n sábà máa ń san fún un. Ẹgbẹ́ Tampa Bay Rays bẹ̀rẹ̀ ní 1998. Nínú ọdún mẹ́wàá àkọ́kọ́ wọn, ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ni wọ́n wà nísàlẹ̀ pátápátá láàárín àwọn tí wọ́n jọ wà ní ìsọ̀rí. Wọ́n fara dà á, wọ́n ń tọ́ ọmọ: Carl Crawford, Evan Longoria, James Shields, David Price. Ní 2008, wọ́n dé World Series, àṣekágbá líìgì náà. Owó oṣù gbogbo agbábọ́ọ̀lù wọn kò tó ìdá kan nínú mẹ́rin ohun tí New York Yankees ń san, Yankees kò sì rí ọ̀nà kọjá sípele àṣekágbá rárá lọ́dún yẹn.

Nígbà tí mo bá ro gbogbo èyí tán, ibi tí owó Awo ń gbà jáde a máa bí mi nínú. Òdìkejì pápá yẹn, ilé tẹ́tẹ́ kan wà. Àwọn ọ̀dọ́ ń fi ọgọ́rùn-ún náírà, igba náírà, lé orí ẹgbẹ́ tó wà ní Spain àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ tó ń wá owó bọ́ọ̀lù tuntun tì, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti fi ìlọ́po mẹ́wàá rẹ̀ sílẹ̀ lókèèrè kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Mo tún mọ bàbá kan tó ta ilẹ̀ nítorí alágbàtà kan tó ní òun máa mú ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún 15 lọ gbá bọ́ọ̀lù ní Yúróòpù. Ilẹ̀ lọ, alágbàtà lọ, ọmọ kò lọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin òbí, ẹ gbọ́ èyí dáadáa: òfin FIFA kò gbà kí wọ́n fi orúkọ ọmọ tí kò tíì pé 18 sílẹ̀ fún ẹgbẹ́ ilẹ̀ òkèèrè, àfi láwọn ipò díẹ̀ tí kò sábà kan ọmọ Nàìjíríà tó ń gbé nílé pẹ̀lú àwọn òbí rẹ̀. Ẹni tó bá gba owó yín lórí irú ìlérí bẹ́ẹ̀, olè ni.

Mo mọ̀ pé nínú ogójì ọmọ tó wà lórí pápá yẹn, ó lè má sí ẹyọ kan tí yóò dé Yúróòpù. Ìyẹn ni mo ṣe fẹ́ràn bí ASEC ṣe so ìwé mọ́ bọ́ọ̀lù, òun náà ni Ọdẹ́gbàmí fi kọ́ ilé-ìwé eré ìdárayá tirẹ̀ sí Wásimi ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Ọmọ tí bọ́ọ̀lù kò bá gbà, kó lè di tísà, kó lè di nọ́ọ̀sì, kó padà wá fun fèrè fún àwọn àbúrò rẹ̀. Owó tí ìlú kan nílò láti bẹ̀rẹ̀ kò pọ̀. Ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ tó ń yá àgbẹ̀ lówó ra ajílẹ̀ lè forúkọ ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù kan sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ bọ́ọ̀lù ìpínlẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ lè gbé akọ̀wé kan wá sí pápá lọ́jọ́ Sátidé kan, kó kọ ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ sílẹ̀.

Nígbà tí mo padà lọ, mo ra rẹ́jísítà ńlá kan lọ́wọ́, èyí tó ní èèpo líle. Kóòṣì fi rúlà fa ìlà sí i: orúkọ, ọjọ́ ìbí, ọjọ́ tó dé. Àwọn ọmọ tò. Nígbà tó kan Okocha, ó sọ orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ bíi pé ó ń tijú rẹ̀. Kóòṣì bi í léèrè ọjọ́ tí wọ́n bí i.

"N kò mọ̀ ọ́n, sà. Màámi ló mọ̀ ọ́n."

"Sáré lọ bi wọ́n."

Ọmọ náà gbéra, ó gba ẹ̀gbẹ́ búlọ́ọ̀kù méjèèjì kọjá, ó forí lé títì. Ilẹ̀ ti ń ṣú. Kóòṣì fi àlàfo sílẹ̀ níwájú orúkọ rẹ̀, kò pa ìwé dé, ó di bírò mú, ó ń wo ọ̀nà.