Ẹni Tó Ń Gbé Báàgì Náà Jẹ́ Ará Ẹgbẹ́

Oríṣi èèyàn mẹ́ta ló ń tẹ koríko pápá gọ́ọ̀fù lójoojúmọ́. Àkọ́kọ́ ni ọmọ ẹgbẹ́ tó san owó ìwọlé àti owó ọdọọdún. Èkejì ni òṣìṣẹ́ tó ń gé koríko, tó sì ń bomi rin ín. Ẹ̀kẹta ni kádì, tó ń gbé báàgì tẹ̀ lé ọmọ ẹgbẹ́ láti ihò kìíní títí dé ihò kejìdínlógún. Orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ wà lára pátákó ilé ẹgbẹ́, ti òṣìṣẹ́ wà nínú ìwé owó oṣù. Ti kádì wà lọ́wọ́ kádì-másítà, ìyẹn ọ̀gá àwọn kádì, níwájú nọ́ńbà tí wọ́n kọ sí ẹ̀yìn aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó sì ṣọ̀wọ́n kí ẹ̀tọ́ kankan tó bá nọ́ńbà náà rìn. Èrò ìwé ìròyìn yìí ni pé ó yẹ kí àwọn ẹgbẹ́ gọ́ọ̀fù ilẹ̀ Nàìjíríà tún ètò yìí tò, nítorí pé bí a bá yọ kádì kúrò nínú ìtàn gọ́ọ̀fù lórílẹ̀-èdè yìí, ìtàn náà kò ní gùn.

Ẹgbẹ́ tó wà ní Ìkòyí l'Ékòó fi bí nǹkan ṣe bẹ̀rẹ̀ hàn dáadáa. Ikoyi Club 1938 ni orúkọ rẹ̀ títí di òní, ọdún tí wọ́n dá a sílẹ̀ kò sì kúrò lára orúkọ náà. Lọ́dún yẹn ni ẹgbẹ́ àwọn òyìnbó, European Club, àti ẹgbẹ́ gọ́ọ̀fù Èkó, Lagos Golf Club, da ara wọn pọ̀. Àwọn òyìnbó òṣìṣẹ́ ìjọba amúnisìn àti ti ilé-iṣẹ́ ńláńlá ló wà fún. Adúláwọ̀ tó bá wọ ọgbà náà nígbà yẹn, iṣẹ́ ló bá wọ ibẹ̀: ó lè jẹ́ kúùkù, ó lè jẹ́ ẹni tó ń gbé ọtí kiri, ó sì lè jẹ́ kádì. Ọdún 1943 ni wọ́n dá Island Club sílẹ̀ l'Ékòó kan náà, kí dúdú àti funfun lè jókòó pọ̀. Nígbà tó yá, ilẹ̀kùn Ìkòyí náà ṣí, àwọn ọmọ Nàìjíríà sì di ọmọ ẹgbẹ́, wọ́n di alága, wọ́n di balógun ẹ̀ka gọ́ọ̀fù. Gbogbo ipò ló ti gba ọwọ́ ẹlòmíràn bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn, àfi ipò ẹni tó ń gbé báàgì.

Ìgbé ayé inú ẹgbẹ́ gọ́ọ̀fù ní adùn tirẹ̀, kò sì yẹ kí ẹni tó wà lóde máa fi ojú afẹ́ àwọn olówó nìkan wò ó. Balógun ni olórí, àwọn obìnrin náà a sì ní balógun tiwọn. Nígbà tí balógun tuntun bá gorí oyè, òun ni yóò gbá bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ níṣojú gbogbo ẹgbẹ́. Bó bá gbá a sínú igbó, wọn yóò fi ṣẹ̀fẹ̀ títí sáà rẹ̀ yóò fi parí. Ìdíje oṣooṣù wà, ìdíje àwọn àgbà wà, bẹ́ẹ̀ sì ni ti àwọn ọmọdé tó ń kọ́ eré náà nígbà ìsinmi iléèwé. Lára pátákó ìkéde, orúkọ ẹni tó gba ife máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkéde òkú àti ti ìgbéyàwó. Ọmọ ẹgbẹ́ tó bá pé ọgọ́ta ọdún, ìdíje ni wọ́n sábà fi ń ṣe ọjọ́ ìbí rẹ̀ kí jíjẹ àti mímu tó bẹ̀rẹ̀, fìlà àti ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n tẹ orúkọ rẹ̀ sí a sì wá dà bí aṣọ ẹbí.

Hándíkáàpù, ìyẹn iye tí wọ́n ń yọ kúrò nínú iye ìgbà tí èèyàn gbá bọ́ọ̀lù, ló so àwùjọ yìí pọ̀. Òun ló jẹ́ kí baba ẹni àádọ́rin ọdún lè bá ọ̀dọ́mọkùnrin díje láìsí ìrẹ́jẹ. Bí pápá kan bá retí pé kí ọ̀jáfáfá gbá bọ́ọ̀lù ní ìgbà 72 láti parí ihò 18, tí baba náà ní hándíkáàpù 20, tó sì gbá a ní ìgbà 90, àmì tó kù fún un jẹ́ 70. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí hándíkáàpù rẹ̀ jẹ́ 3, tó sì gbá tirẹ̀ ní ìgbà 74, yóò ní 71. Ife di ti baba. Láti ọdún 2020 ni ètò kan ṣoṣo ti wà fún gbogbo àgbáyé: wọ́n ń wo àmì ogún tí èèyàn gbà kẹ́yìn, wọ́n ń mú mẹ́jọ tó dára jù nínú wọn, ìpíndọ́gba wọn ni ìpìlẹ̀ hándíkáàpù rẹ̀, tí kò gbọ́dọ̀ ju 54 lọ.

Ètò náà dúró lórí òótọ́, nítorí pé kò sí rẹfirí tó ń tẹ̀ lé èèyàn káàkiri pápá. Olúkúlùkù ló ń ka iye ìgbà tó gbá bọ́ọ̀lù, ẹni tí wọ́n jọ ń gbá a ni yóò sì buwọ́ lu ìwé àmì rẹ̀. Ibẹ̀ ni àwọn kan ti ń rí àyè. Ẹni tó mọ eré dáadáa lè máa gbá gbàkugbà nínú àwọn ìdíje kéékèèké kí hándíkáàpù rẹ̀ má bàa wálẹ̀, kó wá fi ọwọ́ rẹ̀ hàn lọ́jọ́ tí mọ́tò wà nílẹ̀ fún ẹni tó bá borí. Kò sí ẹgbẹ́ tí kò mọ irú wọn. Kádì ló máa ń kọ́kọ́ mọ̀, torí ó wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n fi ẹsẹ̀ ti bọ́ọ̀lù kúrò lẹ́yìn igi, ó sì rí bọ́ọ̀lù kejì tó já bọ́ láti inú àpò ṣòkòtò. Ṣùgbọ́n ìwé àmì kò ní àyè fún ìbuwọ́lù rẹ̀, ẹni tó bá sì tú àṣírí oníbáàgì mọ̀ pé òun lè má rí báàgì gbé lọ́la.

Iṣẹ́ kádì ju ẹrù gbígbé lọ. Òfin gba ọ̀pá 14 láàyè nínú báàgì kan, kádì ló sì máa ń sọ èyí tó yẹ kí ọ̀gá mú. Ó ń rin nǹkan bíi kìlómítà mẹ́jọ láàárín wákàtí mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀, ó ń ṣọ́ afẹ́fẹ́, ó ń wá bọ́ọ̀lù nínú koríko tí òjò ti mú ga, ó sì ń sọ ibi tí ilẹ̀ fì sí kí bọ́ọ̀lù tó yí lọ sínú ihò tí fífẹ̀ rẹ̀ kò ju mìlímítà 108 lọ. Láyé àtijọ́, iṣẹ́ mìíràn tún wà. Ooru àti ọ̀gbẹlẹ̀ kì í jẹ́ kí koríko tó rọ̀ dáadáa hù sí àyíká ihò, nítorí náà, iyanrìn tí wọ́n po mọ́ epo ọkọ̀ ni wọ́n ń tẹ́ síbẹ̀. Bíráùn ni wọ́n ń pè é. Ẹsẹ̀ a máa bà á jẹ́, kádì sì gbọ́dọ̀ wọ́ ọ kó tún tẹ́jú kí ẹni tó kàn tó gbá tirẹ̀.

Lórí bíráùn Ìkòyí ni àwọn olókìkí ilẹ̀ òkèèrè ti wá du ife Nigerian Open. Sandy Lyle, ọmọ Scotland, gbá 61 lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ìdíje ọdún 1978, ó sì gba ife náà. Ó padà wá gba ife Open ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1985 àti ti Masters ní 1988. Lee Elder ti gba ife Nàìjíríà ṣáájú rẹ̀, ní 1971. Adúláwọ̀ ará Amẹ́ríkà ni Elder, iṣẹ́ kádì ló sì fi wọ inú eré náà nígbà tó wà lọ́mọdé ní Texas. Ẹgbẹ́ àwọn agbágọ́ọ̀fù Amẹ́ríkà kò yọ òfin tó fi àyè sílẹ̀ fún aláwọ̀ funfun nìkan kúrò títí di 1961. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn tó borí l'Ékòó ni Elder di adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tó díje nínú Masters ní Augusta, ní 1975. Títí di 1982, òfin pápá Augusta ni pé kádì ẹgbẹ́ náà ni gbogbo olùdíje gbọ́dọ̀ lò, adúláwọ̀ sì ni àwọn kádì náà. Wọ́n ti ń gbé báàgì níbẹ̀ fún ogójì ọdún kí adúláwọ̀ kan tó lè díje.

Ní Nàìjíríà, èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó ń fi gọ́ọ̀fù jẹun ló bẹ̀rẹ̀ bíi kádì. Ọ̀pá tí ọmọ ẹgbẹ́ kan kò lò mọ́ ni wọ́n fi kọ́ ọ, ní àfẹ̀mọ́júmọ́ tàbí nírọ̀lẹ́ nígbà tí pápá bá ṣófo. Lónìí, àwọn ni wọ́n ń kọ́ ọmọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní eré náà. Kò sí àjọ tó pète èyí. Ojú ni wọ́n fi kọ́ ọ. Fún ẹnì kan tó bá rí ọ̀nà gbà, ọ̀pọ̀ ló ń dàgbà sídìí báàgì. Owó tí oníbáàgì bá fún wọn lẹ́yìn eré ni wọ́n fi ń gbọ́ bùkátà, ọjọ́ tí òjò bá rọ̀ ṣúlẹ̀, kò sí nǹkan kan nìyẹn.

Ìdáhùn tí àwọn ẹgbẹ́ sábà máa ń fúnni ni pé kádì kì í ṣe òṣìṣẹ́ àwọn. Ẹni tó gbé báàgì fún ló gbà á síṣẹ́ fún wákàtí mẹ́rin. Ọ̀rọ̀ náà kò dúró bí a bá yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹgbẹ́ ló ń fún un ní nọ́ńbà, ẹgbẹ́ ló ń sọ aṣọ tí yóò wọ̀, òun ló ń sọ iye owó tí yóò gbà, òun náà ló sì lè lé e dànù bó bá ṣẹ̀. Gbogbo àṣẹ ọ̀gá ló wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́, ojúṣe ọ̀gá nìkan ló kọ̀. Bí bọ́ọ̀lù bá ba kádì lójú, tàbí tí àrá bá sán pa á lábẹ́ igi, ó ṣòro kí òfin ọdún 2010 tó wà fún owó gbà-má-bínú òṣìṣẹ́ tó farapa tó dé ọ̀dọ̀ ẹbí rẹ̀ nígbà tí ẹgbẹ́ bá ti ní òun kò gbà á síṣẹ́.

Ẹgbẹ́ gọ́ọ̀fù mọ bí a ṣe ń yí àṣà padà. Ní 1920, nígbà ìdíje Open ní Deal, ilẹ̀ England, wọn kò jẹ́ kí Walter Hagen, tó ń fi gọ́ọ̀fù jẹun, wọ inú ilé ẹgbẹ́, inú mọ́tò tó háyà ló ti ń pààrọ̀ aṣọ. Lọ́dún yẹn kan náà ni ẹgbẹ́ Inverness ní Toledo, Amẹ́ríkà, ṣí ilẹ̀kùn ilé rẹ̀ fún irú àwọn bẹ́ẹ̀. Augusta gba obìnrin ní 2012, ẹgbẹ́ àgbà ti St Andrews dìbò láti gbà wọ́n ní 2014.

Ti kádì náà ní àwòṣe. Chick Evans, ará Chicago, bẹ̀rẹ̀ bíi kádì, ó sì gba ife U.S. Open àti ti àwọn aṣeré ọ̀fẹ́ ní ọdún kan ṣoṣo, 1916. Òfin kò gbà á láàyè láti jẹ owó lórí gọ́ọ̀fù, nítorí náà, nígbà tí owó wọlé lórí àwo rẹ́kọ́ọ̀dù tó fi ń kọ́ni ní eré náà, ìyá rẹ̀ dábàá pé kí wọ́n fi rán àwọn kádì lọ sí yunifásítì. Ní 1930, àwọn méjì àkọ́kọ́ wọ Northwestern. Àwọn tó ti gboyè lábẹ́ ètò náà ti lé ní 11,000. Ìwà, èsì ìdánwò, àìní ẹbí àti bí ọmọ náà ṣe ṣiṣẹ́ lórí pápá ni wọ́n ń wò.

Láti Ìkòyí dé Ìkẹjà, Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta, kò sí ẹgbẹ́ tí apá rẹ̀ kò ká díẹ̀ nínú èyí. Ìwé ìròyìn yìí dábàá pé kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan kọ orúkọ kádì sínú ìwé tí ẹ̀tọ́ bá rìn, kó bá wọn san owó adójútòfò fún ìfarapa, kó sì ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ tí kádì lè gbá bọ́ọ̀lù láìfara pamọ́, bí àwọn ẹgbẹ́ Amẹ́ríkà púpọ̀ ṣe ń fi ọjọ́ Ajé sílẹ̀ fún wọn. Ní ti owó iléèwé, kò pọn dandan kí owó ọdọọdún lọ sókè. Ìdíje kò wọ́n nínú ẹgbẹ́, gbogbo ẹni tó bá wọ̀ ọ́ ló ń sanwó, báǹkì àti ilé-iṣẹ́ ló sì ń gbé bùkátà èyí tó tóbi nínú wọn. Ìdá díẹ̀ nínú owó ìwọlé ìdíje kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n fi sí àpò ọ̀tọ̀ lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ tí aṣojú kádì jókòó sí, yóò rán ọmọ bíi mélòó kan lọ́dún. Ìpàdé gbogbogbòò ọdọọdún ló lè sọ ọ́ di òfin ẹgbẹ́, ọmọ ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ kí wọ́n jíròrò rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ fi àbá náà ránṣẹ́ sí akọ̀wé kí ìwé ìpàdé tó jáde.