Ẹ̀yin tó ń ṣe gààrí ní Yewa, ẹ má da èèpo ẹ̀gẹ́ nù mọ́

Ẹni tó bá dé ibi tí wọ́n ti ń ṣe gààrí ní Ayétòrò tàbí láwọn abúlé tó yí Ìlaròó ká, òórùn èèpo ẹ̀gẹ́ tó ti jẹrà ni yóò kọ́kọ́ pàdé rẹ̀. Àwọn kan ń dáná sun ún, àwọn mìíràn ń jẹ́ kí olówúrẹ́ wá kó o lọ́fẹ̀ẹ́. Bẹ́ẹ̀, ọjà gidi ni wọ́n ń dà nù yẹn.

Lọ́dún 2015, àwọn onímọ̀ ilé-iṣẹ́ ìwádìí ẹran ọ̀sìn lágbàáyé, ILRI, tó wà n'Ìbàdàn, ṣàlàyé bí èèpo tútù ṣe ń di oúnjẹ ẹran. Irinṣẹ́ gààrí náà ni wọ́n ń lò. Wọ́n á ṣa ìdọ̀tí kúrò, wọ́n á rin èèpo náà, wọ́n á dì í sápò, wọ́n á fi jáàkì fún omi rẹ̀ mọ́jú. Bí ilẹ̀ bá mọ́, wọ́n á jọ̀ ọ́, wọ́n á sá a sóòrùn tàbí kí wọ́n yan án nínú agbada. Èyí tó kúnná wà fún adìyẹ àti ẹlẹ́dẹ̀, èyí tí kò kúnná wà fún ewúrẹ́ àti àgùntàn. Èèpo tútù tọ́ọ̀nù 3 ló ń di tọ́ọ̀nù 1.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe iṣẹ́ ìmẹ́lẹ́. Májèlé wà nínú èèpo tútù; rírin, fífún àti gbígbẹ ló ń dín in kù. Èèpo tó bá sì sùn nílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan yóò bu. Nítorí náà, ọjọ́ tí wọ́n bá bó ẹ̀gẹ́ ni kí wọ́n rin èèpo rẹ̀. Oníbàárà tí adìyẹ rẹ̀ bá kú kò ní í padà wá mọ́. Ó tún yẹ kí olùtajà sọ òótọ́ fún un pé èèpo lè gba ipò díẹ̀ lára àgbàdo, ṣùgbọ́n kò lè ṣe iṣẹ́ sóyà.

Èèpo ẹnì kan lè má tó nǹkan. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà: kí ibùdó mẹ́ta tàbí mẹ́rin pa èèpo wọn pọ̀, kí wọ́n sì béèrè ìmọ̀ràn lọ́wọ́ ẹ̀ka iṣẹ́ ọ̀gbìn Fásitì Olabisi Onabanjo tó wà ní Ayétòrò níbẹ̀.

Bí àwọn tó ni èèpo kò bá tètè ṣe é, ẹlòmíràn yóò gbé ẹ̀rọ wá, yóò kó o lọ́fẹ̀ẹ́, yóò sì wá ta oúnjẹ ẹran náà padà fún wọn. Kí wọ́n fi àpò kan péré bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí.